Àwo ni àbí fáìlì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra orin krautrock oníjáàsì ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá ń wá orin ẹgbẹ́ olórin bíi The Comet Is Coming ti London tàbí Mythic Sunship ti Copenhagen ti mọ ohun tó ń wá: krautrock, ìyẹn rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n pò mọ́ jáàsì. A ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì la fẹ́ gbé yẹ̀ wò: àwo ńlá, àti fáìlì FLAC, èyí tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn rẹ̀, tí wọ́n ń tà lórí ìkànnì Bandcamp. Èwo ló dùn jù létí? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn máa bá ìyẹn lọ. Ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ iná ni.

Àwo fúnra rẹ̀ ò níṣòro, gíramófóònù ló ni wàhálà, pàápàá tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Iná tiwọn jẹ́ 120V àti 60Hz, tiwa jẹ́ 230V àti 50Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹni tó ń tà á ní Lagere á ní kí ẹ ṣáà ra sítẹ́pù-dáùn, ó parí. Kò parí o. Sítẹ́pù-dáùn ń dín 230V kù, kò sí ohun tó lè fi Hz ṣe. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò àtijọ́ tó ń gba iná tààrà láti ara ògiri, Hz ló ń tẹ̀ lé. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan á wá máa yí ní nǹkan bíi 27.8. Ìlù á falẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀ ní nǹkan bíi kọ́kọ́rọ́ dùùrù mẹ́ta, funfun àti dúdú pọ̀. Nínú orin mìíràn, ẹ lè má tètè fura. Nínú èyí, tí ìlù àwọn ẹgbẹ́ olórin Jámánì Neu! àti Can láti nǹkan bí 1970 jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìlù tó ń lọ láìdúró, láìfalẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀. Ẹ ti sọ owó nù nìyẹn.

Àtúnṣe wà. Kẹ̀kẹ́ kékeré orí mọ́tò tí bẹ́líìtì ń gbà yí ni kí ẹ pààrọ̀ sí ti 50Hz, èyí tó fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ irin lè gbẹ́ ẹ, àmọ́ bí ojú ihò àárín rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ohùn á máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ náà bá yí.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún burú jù. Bí fíríìjì bá ti gbé iná, ẹ́ńjìnnì á rẹ̀, Hz á já wálẹ̀, sáksófóònù náà á sì já tẹ̀ lé e. Gíramófóònù tó ń lo 12V láti ara ádápítà ló bọ́ nínú gbogbo èyí.

Fáìlì ńkọ́? Fóònù tó ti gba ṣáájì ò mọ̀ bóyá wọ́n mú iná lọ. Orin ogójì ìṣẹ́jú ní FLAC gba nǹkan bíi 250MB, MP3 320 gba nǹkan bíi 96MB. Káàdì tó lè san dọ́là lẹ máa nílò. Ẹ wá gapless playback nínú ètò fóònù yín, kí orin tó wọnú ara wọn má bàa já lágbedeméjì. Wáyà ni kí ẹ fi so ó mọ́ ámúpù, ẹ fi Bluetooth sílẹ̀.

Ojú àwo kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí báàsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín. Ẹni tó fi orin Fẹlá dàgbà mọ bí orin kan ṣe ń gba ojú àwo tán. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gé e sí méjì. Fáìlì kì í gé e.

Eruku ọyẹ́ jẹ́ ọ̀tá àwo, pàápàá fún ará Mayfair tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Oòrùn inú ọkọ̀ á ká a kò. Ní ti ẹwà, páálí àwo ò lẹ́gbẹ́, ẹ sì lè tún un tà. Fáìlì ò ṣe é tà.

Ẹni tó bá ti ní gíramófóònù 12V àti ínfátà gidi, kó ra àwo, ó tọ́ sí i. Àwa yòókù, owó tí wọ́n fi ń gbé àwo kan wá láti Yúróòpù nìkan lè ra fáìlì odidi àlúbọ́ọ̀mù méjì.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá 50Hz tàbí 60Hz ni wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí àkọlé bá ti parẹ́, ẹ lẹ ìwé pélébé mọ́ etí àwo, ẹ tan án lórí iná NEPA, kì í ṣe lórí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá ka iye ìgbà tó yí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. 100 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ 83, mọ́tò 60Hz ni, ẹ dá a padà fún un.