Leader àti tippet: èwo ni ká rà, èwo ni ká so fúnra wa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi eṣinṣin àtọwọ́dá pẹja, okùn ńlá tí ẹ ń jù kì í kan ìwọ̀. Leader ni okùn tó wà láàárín wọn: ó nípọn níbi tó ti so mọ́ okùn ńlá, ó sì ń tínrín lọ kí agbára ìjù má bàa kú lójú ọ̀nà. Tippet ni ìpẹ̀kun rẹ̀ tó tínrín jù, òun là ń gé díẹ̀díẹ̀ tán bí a ti ń pààrọ̀ eṣinṣin. Nítorí náà, ẹ ra leader kan, kí ẹ sì ra róòlù tippet méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ń ra odindi leader tuntun torí pé ìpẹ̀kun rẹ̀ kúrú, owó ló ń jù sómi.

Náílọ́ọ̀nù àti fluorocarbon

Ohun méjì tí wọ́n fi ń ṣe leader àti tippet nìyí, ibí lọ̀rọ̀ sì pọ̀ sí. Tí a bá fi omi ṣe 1, ìwúwo náílọ́ọ̀nù tó nǹkan bí 1.14, ti fluorocarbon tó 1.78. Ìyẹn ni pé fluorocarbon ń yára rì, ó sì lè fa eṣinṣin tó yẹ kó léfòó wọlẹ̀. Náílọ́ọ̀nù rọ̀, ó ń nà, kókó rẹ̀ tètè ń dì, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu omi, omi yẹn á dín agbára rẹ̀ kù, oòrùn náà sì ń jẹ ẹ́. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò, ẹ fà á wò dáadáa kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Wọ́n máa ń polówó fluorocarbon pé ẹja kì í rí i. Òótọ́ ni pé bó ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ (1.42) sún mọ́ ti omi (1.33) ju ti náílọ́ọ̀nù lọ, àmọ́ ohun tó sún mọ́ omi kì í ṣe omi. Lójú tèmi, torí pé ó ń rì, tí àpáta kì í sì í tètè ha á, ló ṣe yẹ kéèyàn náwó lé e. Ẹ fi itọ́ rin kókó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á le. Ẹ má sì sọ àjákù rẹ̀ sómi, kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà X

Nọ́ńbà tí X tẹ̀ lé, bíi 5X, ló ń sọ bí tippet ṣe nípọn tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni okùn ṣe tínrín tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 11, ìyókù ni ìnípọn rẹ̀ ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì: 5X jẹ́ 0.006 ínṣì. Láti mọ èyí tó bá ìwọ̀ yín mu, ẹ fi 3 pín nọ́ńbà ìwọ̀ náà: ìwọ̀ 12, 4X.

Rírà tàbí síso

Leader ilé iṣẹ́ kò ní kókó lára, ewéko omi kì í rí ibi dì mọ́. Èyí tí a fọwọ́ so kò wọ́n, ibi tó bá bàjẹ́ nìkan la ó sì pààrọ̀: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún ibi tó nípọn, 20 fún àárín, 20 fún tippet. Leader ẹsẹ̀ bàtà 9 tó fún ọ̀pọ̀ omi. Odò kékeré, 7.5, omi tó mọ́ tó sì dákẹ́, 12. Èmi á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra ti ilé iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá fi tippet tẹ́ ẹ bá ń so mọ́ ọn kọ́ kókó títa.