Ọ̀pá tàbí júdò: èwo ni kéèyàn kọ́ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ l'Ákùrẹ́?
Àwọn tó máa ń pẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Ọba ló ń béèrè jù. Ọ̀pá kò wọ́n, kì í sì í jẹ́ kí onísùnmọ̀mí tètè súnmọ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọ̀pá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lójoojúmọ́? Bí olè bá já a gbà, òun náà ni yóò fi lù ọ́.

Júdò, ìjàkadì tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1882, ń gba owó olùkọ́ àti sùúrù. Ṣíṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni: wàá tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, wàá fi apá gbá ilẹ̀, kí orí má baà fara gbá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè já ìyẹn gbà.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé l'Alágbàká, ọ̀pá ló bá a mu. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA, júdò. Bí ìbọn bá yọ ṣá, kéèyàn yọ̀ǹda fóònù.