KSG: mo ti yin ìbọn náà, mo sì mọ ibi tó dára sí

Látìgbà tí mo ti dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Texas, àríyànjiyàn ìbọn KSG ò tíì tán láàárín àwa ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìbọn tó ń gbé ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, kí ni ọdẹ tún ń wá? Àwọn bàbá ní ẹni tó bá nílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò mọ ìbọn-ọ́n yìn ni. Èmi tí mo yìn ín, iye ọta kọ́ ló gbà mí lọ́kàn.

Ilé-iṣẹ́ Kel-Tec ní Florida ló ṣe é, ọdún 2011 ló jáde. Pọ́ǹpù áṣọ̀n ni, ìyẹn ìbọn tí a máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ká tún tì í síwájú kí ọta mìíràn tó wọ àgbá; ọta 12-gauge, ìwọ̀n ọta ìbọn ọdẹ tó wọ́pọ̀, ló ń jẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ọta lọ sínú ìdí ìbọn, lẹ́yìn ibi tí ìka ń fà. Nítorí náà, gbogbo gígùn rẹ̀ ò ju bí ínṣì 26 lọ. Ẹ gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí àgbá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 28 tì í: àgbá yẹn nìkan gùn ju KSG látòkè délẹ̀. Nínú igbó tiwa tí ìtàkùn ń kọ́ ìbọn lẹ́nu, èyí wù mí púpọ̀. Ìsàlẹ̀ ni àpò ọta tó ti ṣíṣẹ́ ń gbà já bọ́, sẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ mi, kò sì sí èyí tó ta sí i lójú.

Páìpù méjì ló wà lábẹ́ àgbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọta méje, ẹyọ kan á wà nínú àgbá. Bí ọ̀kan bá tán, èkejì kì í dédé bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ti irin kékeré kan sí òsì tàbí ọ̀tún. Ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà lójú tèmi. Ọta wẹ́wẹ́ fún àparò lè wà lósì, ọta ńlá fún etu lọ́tùn-ún.

Ṣùgbọ́n ká ní ọta wẹ́wẹ́ ló wà nínú àgbá, tí etu wá yọjú. Ẹ máa ti irin yẹn, ẹ tún máa fa pọ́ǹpù kí ti àkọ́kọ́ lè bọ́ sílẹ̀. Etu wo ló máa gbọ́ ìró yẹn lóru tó máa dúró? Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tiwa ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìpariwo: ọta wẹ́wẹ́ lápá kan, ọta ńlá lápá kejì, ìka ló ń yan èyí tó fẹ́. Ní Texas tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti ń ya wọ oko lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, ọta púpọ̀ wúlò. Ẹran tiwa kì í dúró de ọta kẹta.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọdẹ àjọṣe. Bí a bá ti ṣẹ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì láàárín, tí ìdí àgbá rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo wa la rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Ti KSG, ẹni tó dì í mú nìkan ló lè sọ. Bí òfin bá gba ẹnikẹ́ni láyè láti rà á, kó jọ̀wọ́ máa rìn lẹ́yìn.