Àyẹ̀wò 16S ní Yábàá: ó dára, àmọ́ kò lè yanjú gbogbo Bacillus

Ilé àyẹ̀wò kan ní Yábàá ló ń ka 16S, ìyẹn jíìnì tí a fi ń dá bakitéríà mọ̀. Bó bá jẹ́ pé bóyá Bacillus àbí Pseudomonas ni bakitéríà yín lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ gbé e lọ síbẹ̀, owó yín kò ní ṣòfò. Bó bá jẹ́ irú Bacillus tó jẹ́ gan-an, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó.

Bakitéríà tó dá dúró, tí kò dà pọ̀ mọ́ òmíràn, tó hù mọ́jú lórí nutrient agar (oúnjẹ bakitéríà) ní 30°C, ni wọ́n ń gbà. Ẹ má gbé àwo gba Third Mainland lọ́sàn-án: ooru á mú kí omi kán láti ìdérí, gbogbo rẹ̀ á sì dà pọ̀. Inú ìgò slant, ìgò kékeré tí agar rẹ̀ dagun, ló yẹ kó wà.

Primer 27F àti 1492R, ègé DNA kékeré tó ń sàmì sí ibi tí wọ́n máa kà, ni wọ́n ń lò, tó ń mú nǹkan bíi lẹ́tà DNA 1,500 jáde. Ẹ béèrè bóyá apá méjèèjì ni wọ́n máa kà, torí kíkà kan lọ́nà Sanger, tí wọ́n fi ń ka DNA, kì í sábà mọ́ kọjá lẹ́tà 700 sí 900. Méjèèjì ni wọ́n kà fún wa, wọ́n sì fi fáìlì .ab1, àwòrán tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti yọ bí òkè, kún un. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Nínú fáìlì yẹn, bí òkè méjì bá ń gun ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bakitéríà tí ẹ gbé wá ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Bó bá jẹ́ ojú kan péré, ẹ má tíì bẹ̀rù: ẹ̀dà 16S mẹ́wàá ló wà nínú Bacillus (B.) subtilis, wọn kì í sì í bára mu tán.

Ìwé èsì wọn ni mo ní ẹjọ́ sí. Wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà pé "Bacillus cereus, 99.9%". Iye yẹn tọ́, àmọ́ B. thuringiensis náà máa mú un, B. anthracis pàápàá sún mọ́ ọn. Thuringiensis ń pa kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, cereus ń fa èébì látinú ìrẹsì tó sùn. Orí plasmid, òrùka DNA kékeré tó dá wà, ni jíìnì kírísítà tí thuringiensis fi ń pa kòkòrò wà, 16S kò sì lè rí i níbẹ̀.

Máíkírósíkóòpù ló máa dá ẹjọ́ yìí. Ẹ fi bakitéríà náà sílẹ̀ lórí agar fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ní ọjọ́ kìíní, kírísítà kò tíì sí. Ẹ tẹ́ díẹ̀ sórí gíláàsì, ẹ fi iná gbẹ ẹ́, ẹ da aró Coomassie blue 0.133% tó wà nínú acetic acid 50% lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ wò ó ní 1,000×. Kírísítà á dúdú bí aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ spore (ẹyọ líle tí bakitéríà fi ń fara da ìnira), ó sì sábà máa ń ní igun. Àárín spore kì í gba àwọ̀. Thuringiensis tó bá ti sọ plasmid rẹ̀ nù kò ní ní kírísítà mọ́, ìgbà náà ló máa jọ cereus pátápátá. Ti B. mycoides, tí 16S rẹ̀ náà jọ ti cereus, kò le rárá: ó máa ń ta bíi gbòǹgbò káàkiri àwo.

Fún B. subtilis, B. velezensis àti B. amyloliquefaciens, tí 16S kì í yà sọ́tọ̀ dáadáa, gyrB, jíìnì mìíràn, ni kí ẹ sanwó fún. Bí ìbáramu 16S pẹ̀lú irú tí a ti mọ̀ bá kéré sí 98.7%, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tuntun. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọ́n ń ṣe gyrB níbẹ̀, àfi kí ẹ béèrè, torí wọn kì í sọ fún oníbàárà.