Wọ́n wá wọn ohùn ẹ̀rọ orin mi ní Gáà Àkànbí

"Spíkà yín ti kú." Ohun tí ọ̀gá tó wá wọn ohùn náà sọ nìyẹn, kò tíì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní pálọ̀ mi. ₦15,000 ni mo ti san kí wọ́n tó gbéra ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀dùn mi kò ju pé gìtá béèsì inú àwo jùjú bàbá mi kì í dé ibi tí mo ń jókòó sí. Tí mo bá dìde lọ mumi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ọ kedere. Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá, fóònù rẹ̀ ló ń wò. Ó ju máìkì sórí tìmùtìmù, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń bú lábẹ́ fèrèsé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á ná?" Ó ní ẹ̀rọ òun mọ ohun tó ń gbọ́. Irọ́ ni! Ìlà ojú kọ̀ǹpútà ti ń gbọ̀n kí spíkà tó fọhùn rárá. Ó ní kí n wá ra tuntun lọ́wọ́ òun. Inú bí mi débi pé n kò sìn ín dé ẹnu géètì.

Nírọ̀lẹ́, ọmọṣẹ́ rẹ̀ pè mí: "Ẹ má bínú, Àlàájì. Tẹ́ ẹ bá gbà mí láyè, màá padà wá lẹ́yìn Iṣái."

Ó dá wá. Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Ó gbé máìkì dúró síbi tí etí mi máa ń wà gan-an, ó ṣí REW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn ohùn inú yàrá, tí wọn kì í tà, ó fi fáìlì tí wọ́n ṣe láti tún àṣìṣe máìkì yẹn ṣe sí i. Ohùn ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ ní 20 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó di bí ẹ̀fọn létí, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Lójú kọ̀ǹpútà, kòtò ńlá wà nínú ìlà ohùn ní 40 Hz. Ó mú téèpù, ó wọn pálọ̀: mítà 4.3 láti ògiri dé ògiri. Ó ní ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; tí a bá fi ìlọ́po méjì 4.3 pín in, bíi 40 ló máa jẹ́. Àárín gbùngbùn pálọ̀ ni àga mi wà, ibẹ̀ ni béèsì yẹn ti ń pòórá, torí ohùn tó ń bọ̀ láti ògiri kan ń pa èyí tó ń bọ̀ láti ògiri kejì. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì, 41 Hz ni!

A sún àga sẹ́yìn ní mítà kan. Ó tún un wọ̀n, kòtò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Mo gbé àwo bàbá mi sí i, béèsì sì kàn mí láyà. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà kò gba owó ọkọ̀ pàápàá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. ₦15,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá.