Mirabel Centre, Ìkẹjà: wákàtí ni kẹ́ ẹ máa kà, kì í ṣe owó

Irun ni mo ń ṣe ní Ìwàyà, ọdún kẹrìnlá rèé. Gbogbo ohun tí mo ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí kò ju kí n bú ẹni tó ta wíìgì ayédèrú fún mi lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń yan ẹja ní Mákòkó, Ẹ̀gùn ni, ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kì í ṣe irun ló bá wá. Ó wọ bùláòsì rẹ̀ lódì, náílọ̀nù dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ àná ló wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọkùnrin tó fipá bá a lò pọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkùnrin náà ló ni ọkọ̀ ojú omi tí ìyá ọmọbìnrin náà fi ń ná ọjà. Ẹ ti rí ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò fi ní kí wọ́n parí ẹ̀ nílé.

Ìpàdé àwọn àgbà ló jẹ òwúrọ̀ wa. Ní téṣàn tí a wá gbà lọ, wọ́n bi í pé ṣé ó pariwo, wọ́n tún ní ká lọ mú owó bíró àti pépà wá. Ọjọ́ Ajé lọ bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ni oníbàárà mi kan, tíṣà ni, wá tú irun. Bó ṣe gbọ́ ló fò dìde tòun ti irun tí mo tú dé ààbọ̀: "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó wẹ̀ mọ́ o! Mirabel ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ní LASUTH." Mirabel ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀; LASUTH ni ilé ìwòsàn ńlá ìjọba Èkó ní Ìkẹjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há ohun tó sọ sórí. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń dènà oyún, ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Bó bá ti wẹ̀, ẹ ṣì máa lọ. Aṣọ tó wọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí, torí náílọ̀nù máa ń làágùn, ẹ̀rí á sì bàjẹ́. Níbo ni mo ti fẹ́ rí àpò bébà lágogo mẹ́wàá alẹ́? Èyí tí wọ́n fi pín ẹ̀bùn níbi òkú ìyá onílé wa ni mo fà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ tẹ̀ lé wa láti máa túmọ̀ Ẹ̀gùn sí Yorùbá, mo kọ̀ jálẹ̀, torí òun àti ọkùnrin yẹn jọ ń mutí. Ìyá kan tó ń ta ògì nítòsí mi ni mo bẹ̀. Ẹni tó bá máa túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí, kó jẹ́ ẹni tí kò ní gbé e délé.

Láti 2013 ni Mirabel ti wà nínú ọgbà LASUTH, àwọn sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá lóde lálẹ́. Nọ́ọ̀sì lóṣòó tì í kó lè máa wo ojú rẹ̀. Ìyá ológì ní gbogbo ibi tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ, pé ìgbà kan ọmọ náà mirí, wọ́n sì dúró títí ó fi gbà. Àyẹ̀wò, oògùn, ìjókòó pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn, kọ́bọ̀ kò jáde lápò mi.

Ọ̀nà ló dùn mí. Àwa mẹ́ta lálọ lábọ̀, ₦6,000 ni, owó irun tí mo bá ṣe lọ́jọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé WARIF, irú ibi kan náà, wà ní Yábàá, pé ọ̀fẹ́ ni tiwọn náà. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà!

Oògùn tó ń dènà HIV yẹn, ọjọ́ 28 gbáko ni lílò rẹ̀, ó sì ń rìn ín lára. Alaalẹ́ ló ń wá lò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí kò fẹ́ kí wọ́n rí i nílé. Màá kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀kọ mu. Lọ́jọ́ kọkànlá ó ní òun ò lò ó mọ́. Mi ò jà. Mo ní kó bá mi to pínnì. Nígbà tó tò ó tán, ó na ọwọ́ sí oògùn.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún Mirabel. DSVA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ní nọ́ńbà tí wọn kì í gba owó ìpè: 08000333333. Mo ti fi máákà kọ ọ́ sára dígí ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ iye owó irun. Àwọn kan rò pé ibi tí wọ́n á sanwó sí ni.