Lovecraft Country: Ìyá mi bínú sí wọn, èmi ò sì lè pa tẹlifíṣọ̀n

Apá keje Lovecraft Country, eré ẹ̀rù orí tẹlifíṣọ̀n láti Amẹ́ríkà, ló bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ èyí. Hippolyta, opó tó mọ ìṣirò àti ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ju gbogbo àwọn tó ń fojú di í lọ, kó sínú ẹ̀rọ kan ní Kansas, ẹ̀rọ náà sì ń gbé e láti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Ó bá Josephine Baker, gbajúmọ̀ oníjó, jó ní Paris. Ìyẹn dùn, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún máa lajú, àárín àwọn jagunjagun obìnrin aláwọ̀ dúdú ló bá ara rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ ní idà jíjù, ọ̀gá wọn ń jẹ́ Nawi. Kò pẹ́, wọ́n jọ kọlu àwọn ọmọ ogun Confederate, ìyẹn àwọn ará ìpínlẹ̀ Gúúsù nínú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó jagun nítorí kí ẹrú má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ṣá wọn balẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin bá pariwo: "Ìyá àgbà, àwọn jagunjagun Ìdàhòmì nìyẹn o!"

Ìyá mi ti ń tòògbé lórí àga láti ìgbà ìran Paris. Ojú wọn là kedere. "Ìdàhòmì wo?"

"Àwọn obìnrin Ìdàhòmì, ìyá àgbà. Wọ́n ń bá àwọn tó ń kó ẹrú jà."

"Wọ́n ń bá ta ni jà? Àwọn gan-an ló wá kó wa!" Wọ́n dìde, wọ́n gbá ìró wọn mọ́ra, wọ́n wọ yàrá lọ. A kò rí wọn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹni tí kì í ṣe ará Abẹ́òkúta lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká wa lára tó. Ní 1851, Gezo, ọba Ìdàhòmì, kó ogun wá bá wa, àwọn obìnrin yìí sì wà láàárín ọmọ ogun rẹ̀. Ibodè Aró ni wọ́n ti kàn wá lára, ibẹ̀ náà ni a ti lé wọn. Àwọn àgbà a máa sọ pé ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá mú lára wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ló ń bá àwọn jà, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n túbọ̀ gbóná. Glele, ọmọ Gezo, tún padà wá ní 1864. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: àwọn ọmọ ogun Gúúsù tí Hippolyta ń bẹ́ lórí nínú eré ṣì ń ja ogun tiwọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún ní 1864. Kétu kò rí bíi tiwa ṣe, nítorí ní 1886 ni Ìdàhòmì sọ ìlú náà di ahoro. Kí ni wọ́n sì ń wá kiri? Ènìyàn ni. Àìmọye àwọn tí wọ́n kó lọ ni wọ́n tà gba etíkun Ouidah, àti pé nínú àwọn ọmọ ọmọ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ló jókòó sí Amẹ́ríkà tó ń pàtẹ́wọ́ fún Nawi.

Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n ń wá kò yé mi. Ẹni tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún ń fẹ́ ibì kan tí obìnrin bíi tirẹ̀ ti di idà mú láìbẹ ẹnikẹ́ni. Orúkọ Nawi pàápàá ní ìdí, torí obìnrin tí wọ́n ní òun ló kẹ́yìn nínú àwọn jagunjagun náà, tó kú ní 1979, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe eré yìí ka ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Wọ́n ka ìwé débi orúkọ, wọn ò kà á débi Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ má baà rò pé eré burúkú ni.

Ẹ̀rù tó wà nínú apá kìn-ín-ní, mi ò tíì rí irú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 1955 ló dúró lé. Atticus tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, Leti ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Uncle George, ọkọ Hippolyta, wà nínú ọkọ̀ nínú igbó, ṣẹ́ríìfù kan dá wọn dúró, ó ní àgbègbè òun jẹ́ ibi tí aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wà nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́, ó pọ̀ lọ jàra, kì í sì í ṣe ní Gúúsù nìkan. Ìdí rẹ̀ ni Victor Hugo Green ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé atọ́nà fún àwọn arìnrìn-àjò aláwọ̀ dúdú ní 1936, iṣẹ́ yẹn náà ni Uncle George ń ṣe nínú eré. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí oòrùn wọ̀. Ṣẹ́ríìfù tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Bí wọ́n bá sáré, wọ́n ti rú òfin ìrìnnà nìyẹn; bí wọ́n bá rọra, oòrùn á wọ̀ bá wọn. Atticus ń wo ọ̀pá tó ń ka eré ọkọ̀, ó ń wo oòrùn, ó ń wo dígí ẹ̀yìn. Ìyàwó mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí àwọn ẹranko abàmì tí ojú kún ara wọn wá jáde nínú igbó tí wọ́n ń já ènìyàn jẹ, ọkàn mi balẹ̀. Mo sọ ọ́ síta pé, "Ẹ káàbọ̀ o." Ẹranko yẹn kì í wo àwọ̀ kó tó jẹ ènìyàn. Ṣẹ́ríìfù ló ń ṣà.

Apá karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló kó mi sí wàhálà ilé-iṣẹ́ dìkódà. Ruby, akọrin tó ti ń wá iṣẹ́ sí ilé ìtajà ńlá Marshall Field's ní Chicago láti ọjọ́ yìí, jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ara rẹ̀ nínú awọ obìnrin funfun. Wunmi Mosaku tó ṣe Ruby, ọmọ wa ni: Zaria ni wọ́n bí i sí, Manchester ló dàgbà sí. Ibi tí awọ funfun náà ti ń fàya tí Ruby fẹ́ yọ jáde, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ni àwòrán mi pòórá. Wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé owó mi ti tán. Owó tí mo san láàárọ̀ ọjọ́ yẹn!

Mo pè wọ́n. Orin, orin, orin. Ọmọbìnrin kan gbé e.

"Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà ìdí dìkódà yín fún mi."

Mo da dìkódà dojú dé, mo tan iná fóònù, mo kà á. Ó ní kí n yọ káàdì, kí n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí n kì í padà. Mo ṣe é.

"Ó ti wọlé báyìí, sà?"

"Ìkànnì àwọn oníwàásù ló wọlé."

"Ẹ ṣé tí ẹ pè wá, sà."

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má gbé e sílẹ̀. Mo ní obìnrin kan níbí tí awọ ara rẹ̀ ń bó lọ́wọ́."

Ó dákẹ́. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Yéè! Ṣé ẹ ti gbé wọn dé ọsibítù, sà?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ruby! Èmi náà ń wò ó, sà. Ẹ dúró, ẹ má lọ o." Ó bá mi wá ibi tí owó há sí, ó tún un ṣe láti ọ̀dọ̀ tiwọn, kò sì kúrò lórí fóònù títí àwòrán fi dé. Ó wá rọra sọ pé, "Ẹ má jẹun tì í o, sà."

Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé wọ́n ti yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó gbé ìpè mi lọ́tẹ̀ yìí ní kí n máa retí. Mo ṣì ń retí.

Ṣùgbọ́n Ruby! Ohun tó mú mi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń dù ú ni wọ́n gbé fún un pẹ̀lú ipò nígbà tó wọ awọ funfun. Obìnrin dúdú kan ṣoṣo ló wà nílé ìtajà náà, Tamara, ẹni tí Ruby rò pé ó gba àyè òun. Ẹ wo bí Ruby ṣe ń fi ojú ọ̀gá wo ọmọbìnrin yẹn láti inú awọ tó yá lò, bó ṣe ń bá a wí pé kò kàwé tó, kò mọṣẹ́ tó. Kò sí iwin kankan nínú ìran yẹn, mo sì ní láti dìde lọ mu omi.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ tún wà. Ní apá kẹrin, wọ́n mú Yahima wọlé, ará Arawak tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo, a ò tíì mọ̀ ọ́n tán tí Montrose, bàbá Atticus, fi dúńbú rẹ̀. Àwọn òǹwòran pariwo, Misha Green tó ṣe ètò náà sì jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun kùnà níbẹ̀. Apá kẹjọ, tó dá lórí ìsìnkú Emmett Till, dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Chicago. Ọmọ ọdún 14 ni Emmett nígbà tí wọ́n pa á ní Mississippi ní 1955, ìyá rẹ̀ sì ní kí wọ́n ṣí pósí sílẹ̀ kí aráyé wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní èwo ni kí wọ́n mú òfò ìyá bẹ́ẹ̀ so mọ́ ìtàn iwin? Mo ní èrò tó tò nínú oòrùn, tí wọ́n ń fi aṣọ bo imú, ni wọ́n jẹ́ kí a rí. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Kò gbà. Àwọn ọmọbìnrin abàmì méjì tó ń jó tẹ̀ lé Dee, ọmọ Hippolyta, kiri lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n pa iná yàrá lóru ọjọ́ náà.

Apá kẹwàá, idán pọ̀ jù. Ọfọ̀ lórí ọfọ̀, ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bọ̀ láti apá kìn-ín-ní sì sọnù sínú èéfín.

HBO, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó gbé e jáde, pa á tì ní oṣù keje ọdún 2021 lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ nígbà 18 fún Emmy, ẹ̀bùn ńlá àwọn eré tẹlifíṣọ̀n. Courtney B. Vance, Uncle George wa, gba tirẹ̀.

Ẹ má wò ó níwájú ọmọdé. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà Ẹ̀gbá nílé, ẹ dá apá keje wò.

Lovecraft Country: 9/10.
Ilé-iṣẹ́ dìkódà: 2/10, ọmọbìnrin tó ní kí n gbé Ruby lọ sí ọsibítù ló sì ni méjèèjì.